Ìyá Rẹ Ní O Kò Dá Òun Lóhùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò tíì gba èémí àti okun lọ́wọ́ wa. Mo kí ọ, mo kí aya rẹ àti àwọn ọmọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ń ṣiṣẹ́. Àbúrò rẹ obìnrin sì ti bá wa tún òrùlé ilé ìdáná ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Awò ojú ńlá tí o fi ránṣẹ́, èyí tí a ń dè mọ́ orí, tí àwòrán tí o yà sínú rẹ̀ ń gbé ènìyàn wọ pálọ̀ rẹ, ti bà á lọ́kàn jẹ́.

Ó ní, "Bàbá wọn, mo dúró níwájú ọmọ mi, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò tilẹ̀ bojú wò mí."

Mo ní, "Ìyá wọn, àwòrán mà ni!"

Ó ní, "Mo mọ̀. Síbẹ̀, kò dá mi lóhùn."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹun kánú mọ́.

Mo dé awò náà kí n lè mọ bí n ó ti bá a wí. Mo mọ̀ dájú pé orí àga mi ni mo wà. Ṣùgbọ́n bí o ti ń kọjá, mo ká ẹsẹ̀ kò kí o má baà kọsẹ̀ lára mi, mo sì pe orúkọ rẹ. O jáde lọ. Mo sunkún, ọmọ mi. N kò lè bá a wí mọ́. Agbára mi ti pin.

Má fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́. Ìwọ gan-an ni kí o wá, nígbà tí ìyá rẹ ṣì lè dìde dì mọ́ ọ.

Kí Olúwa ṣọ́ ilé rẹ, kí àwọn ọmọ rẹ máa jẹ́ ọ nípè. Àmín.

Bàbá rẹ