Sìlíńdà Ìsàlẹ̀ Ti Kú

Ọjọ́bọ̀, Ìta Fájì

Inú ń bí mi gan-an.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí Bàbá fi sílẹ̀ fún mi ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ganíyù, yá lọ pẹja lórí ọ̀sà. Nígbà tó dá a padà, ṣe ló ń wúkọ́, kò lágbára mọ́. Bọ̀dá ní ó ti gbó ni, ká tà á fún àwọn tó ń ra irin.

Lónìí mo gbé e sẹ́nu dúrọ́ọ̀mù omi, mo tan án. Sìlíńdà méjì ló ní. Mo yọ wáyà púlọ́ọ̀gì sìlíńdà òkè, ó kú. Mo dá a padà, mo tún tan án, mo yọ ti ìsàlẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo yọ nǹkan kan: ti òkè nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Iná ń ta dáadáa lẹ́nu púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Mo wá fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fa okùn tí a fi ń tan án. Ti òkè ti ọwọ́ mi dànù. Ti ìsàlẹ̀ kò mí rárá.

Mo tú u. Ara pístìn inú rẹ̀ ti họ, ó ti jó. Epo lásán ni wọ́n fi wà á.

Bọ̀dá wọlé bá mi níbẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ ò po ọ́ìlì mọ́ epo."

"Obìnrin wo ló ń tú ẹ́ńjìnnì?"

"Bàbá ló kọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kọ́ ọ."

Ó ní kí n tètè tún un ṣe, òun fẹ́ lò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹ lọ ra àjẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi tukọ̀, sà."

Mo kúnlẹ̀ bó ṣe ń lọ, torí ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò gbójú sókè wò ó.