Ìbéèrè Ṣadé lórí Átọ́ọ̀mù

Ọjọ́rú, Ilora

Ìkúnlẹ̀ Ṣadé ò kúrò lójú mi.

Mo sọ fún kíláàsì pé bàbá onímọ̀ kan láyé àtijọ́ ní átọ́ọ̀mù dà bí àkàrà, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fọ́n ká inú rẹ̀ bí àlùbọ́sà. Ẹlòmíràn wá rí i pé kókó kékeré kan ló wà láàárín rẹ̀, òfìfo ló yí i ká.

Ṣadé nawọ́. “Mà, ṣé bàbá àkọ́kọ́ yẹn purọ́ ni?”

Mo jágbe mọ́ ọn pé a kì í pe àgbà lópùrọ́. Ó kúnlẹ̀ títí agogo fi dún.

Ìgbà tí mo ń be iṣu ìrọ̀lẹ́ ni mo rántí ohun tí n kò sọ fún wọn: akẹ́kọ̀ọ́ bàbá àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ẹnì kejì tó já a ní koro.

Ká ní bàbá yẹn ti ní kó kúnlẹ̀ ńkọ́, kí ni ǹ bá rí kọ́ Ṣadé lónìí?