Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Ọkọ̀ Fèrè Gbé Bàbá Rẹ Wálé

Léonce, àkọ́bí inú mi, ṣé ara le? Kútọnù tó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀run yẹn kò ní gbé ọ mì o. Mo pè ọ́ lórí pọtábù, fóònù alágbèéká, obìnrin kan ló ń fi Faransé dá mi lóhùn. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un, kò tilẹ̀ sunkún. Bí ìyàwó rẹ ni, kò ṣèèyàn. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nìyẹn.

Igbà tí bàbá rẹ fi ń gun ọ̀pẹ já lánàá nígbà tó wà lókè, ó já bọ́ láti òkè níbi tí àwọsánmà ń sùn. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí mọ́. Jocelyne, nọ́ọ̀sì Issaba wa, pe ọkọ̀ ọpitáàlì láti Pobè. Ìwọ náà mọ̀ pé òkú nìkan ni ọkọ̀ tó ń fọn fèrè máa ń gbé wá fún wa. Ó ké bọ̀ débi pé adìyẹ abúlé wa Ahoyéyé yé ẹyin láìtọ́jọ́, gbogbo abúlé sì bú sẹ́kún. Bàbá Ṣóbándé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, nà gbalaja sójú ọ̀nà, ó ní ẹni tó ń mí kì í wọ ọkọ̀ òkú. Jocelyne ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí ń lọ. Bàbá Ṣóbándé ní ṣé ẹ̀mí tìẹ ni? Iṣu ìbá ti jinná kí Jocelyne tó ní kí wọ́n pa fèrè náà. Ìgbà yẹn ni bàbá náà tó dìde.

Nínú ọkọ̀, Jocelyne ń fi okùn fa omi sí bàbá rẹ lápá. Mo ní kí ló dé tí kò fún un mu, ẹnu rẹ̀ kò kúkú sọnù. Ó kàn ń wo bí omi náà ṣe ń kán.

Ní Sakété, bàálù kan tó ní abẹ̀bẹ̀ lórí ń dúró ní pápá bọ́ọ̀lù. Ó fẹ́ gèlè mi dé Nàìjíríà. Mo bẹ awakọ̀ rẹ̀ pé kó rọra fò nísàlẹ̀, òkè ni ọkọ mi ti já bọ́. Wọ́n ní kò sí àyè fún mi. Bàtà bàbá rẹ ló kù lọ́wọ́ mi.

Ọpitáàlì ńlá ní Kútọnù níbẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Wá a rí, pe oríkì rẹ̀ sí i létí. Bó bá ṣẹ́jú, pe Jocelyne kíá kó wá sọ fún mi. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá. Ilẹ̀ tó gba bàbá rẹ tí kò pa á, yóò gba ẹsẹ̀ rẹ náà.

Bó bá yá, má jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ fèrè gbé e wálé. Alùpùpù sẹ́míjàn tó ń gbé èrò ni kó gùn, kó di awakọ̀ mú níbàdí, kí n rí i lókèèrè pé ó jókòó. Bí mo bá gbọ́ fèrè, Léonce, n kò ní jáde.

Èmi ìyá rẹ, Victorine.