Wákàtí Tí Hilkka Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹwàá

Reijo ọkọ mi tún ti lọ sílé Hilkka. Ọ̀rọ̀ aago náà ni. Ṣé ká ṣì máa yí i síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru, ká tún yí i sẹ́yìn kí yìnyín tó dé, àbí ká jáwọ́? Abúlé ti pín sí méjì, ìpàdé lórí ẹ̀ sì máa wáyé níparí oṣù yìí. Hilkka ni olórí àwọn tó ní ká jáwọ́. Ìyáàfin Aago ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Opó. Ètè pupa lójoojúmọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4

Reijo tún lọ síbẹ̀. Ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ fún mi láti ìgbà tí màlúù wa ti bí ìbejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Aila aládùúgbò wa yà wá gba wàrà. Ó ní, “Terttu, lajú ẹ o. Aago wo ni wọ́n ń yí láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́?”

Mo bi Reijo níbi tá a ti ń fún wàrà. Kí lẹ ń sọ gan-an? “A-a-a—” Akólòlò ni ọkọ mi. Èmi ni mo máa ń bá a parí ọ̀rọ̀: ní ṣọ́ọ̀bù, ní báńkì, kódà níwájú pásítọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. “Aago!” ni mo pariwo. “Ṣé kò sí aago nílé yìí ni?” Ẹ̀rù ba màlúù, ó ta ẹ̀rọ ìfúnwàrà nípàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Ṣẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ lọ. Èmi nìkan ni mo jókòó sínú sáúnà, ilé ooru tá a jọ máa ń wẹ̀ sí ní gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́rú, 17

Mo gba inú igbó lọ sẹ́yìn ilé Hilkka. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan, ó ń sọ̀rọ̀ geere. Mo rò pé àlejò ni. Reijo ni! Ó ń sọ bí àwọn màlúù ṣe ń ké tọ́mú wọn bá kún tí aago sì ní kò tíì tó àkókò. Kò kólòlò lẹ́ẹ̀kan. Hilkka káwọ́ lé itan, kò sọ nǹkan kan.

Ká ní orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá wọn, ǹ bá mọ igbe tí mo máa ké.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Mo ti pinnu. Màá sọ nípàdé pé ká máa yí aago lọ. Mo kórìíra àyípadà yẹn o. Ṣùgbọ́n Hilkka ò gbọdọ̀ borí.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Gbọ̀ngàn kún. Hilkka ní Reijo ló máa sọ tiwọn. Mo fò dìde ṣáájú rẹ̀: “Èmi ò fara mọ́ ọn! Ẹ jẹ́ ká máa yí aago lọ bá a ṣe ń ṣe!”

Reijo dìde. “Ì-ì-ìyàwó—” Ó há. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, kí n bá a parí ẹ̀. Mo ti la ẹnu. Hilkka mi orí sí mi díẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Reijo gbìyànjú, ó tún gbìyànjú.

“Ìyàwó mi kórìíra kí wọ́n yí aago,” ló sọ. “Èmi ló ń bínú sí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ló bá sọ̀rọ̀ màlúù. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn pàápàá pàtẹ́wọ́.

Hilkka bá mi níta. “Mi ò kọ́ Reijo ní nǹkan kan. Mo kàn ń dákẹ́ ni.”

Mo bi í: kí ló dé tí Reijo kò sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ sísọ ló ń bá wá?

“Ó ní o ò ní jẹ́ kóun sọ ọ́ tán.”

Ọjọ́ Àìkú, 28

Aago ti yí sẹ́yìn. Àwọn màlúù ń ké. Reijo wà lódìkejì màlúù tá à ń fún, ó ní, “Terttu, mo f-f-f—” “Kọfí” ni mo máa ń fi bá a parí ẹ̀. Mo fi eyín di ahọ́n mú. Mo dúró. A fún wàrà màlúù kan tán, a bọ́ sórí òmíràn.

“Mo fẹ́ ta àwọn màlúù.”

Mo bi í bóyá Hilkka ti mọ̀. Ó ní, “Rárá, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.”

Inú mi dùn débi pé ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ohun tó sọ.