Ìgbésí Ayé Màmá Edelmira Oyarzún, Olùyan Búrẹ́dì àti Òǹkàwé Río Ñire

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 1938, láàárín ìgbà òtútù, nígbà tí òjò kò dá fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, ni a bí Màmá Edelmira Oyarzún Barría sí erékùṣù kékeré kan ní ẹkùn Chiloé, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Chile, níbi tí oṣù keje ti jẹ́ ìgbà òtútù. Bàbá wọn ni Olóògbé Belisario Oyarzún, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ìyá wọn sì ni Olóògbé Zunilda Barría, tó ń fi irun àgùntàn hun kúbùsù. Ọmọ márùn-ún ni tọkọtaya náà bí. Màmá ni ìkẹta.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní ọdún 1946, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ni wọ́n lò níbẹ̀. Ìyá wọn jáde láyé lórí ìkúnlẹ̀ ní 1948, àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì tó ṣáájú sì jẹ́ ọkùnrin tí bàbá wọn nílò lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Màmá nígbà tí wọ́n gba ìdí ààrò. Orí àpótí ni wọ́n máa ń dúró lé kí ọwọ́ wọn tó lè tó tábìlì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Láti ìgbà náà, ìwé tí wọ́n mọ̀ kò ju kí wọ́n kọ orúkọ ara wọn, kí wọ́n sì máa fi ìka tọ lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dùn wọ́n gan-an, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ní ọdún 1957 wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Aysén, wọ́n sì ríṣẹ́ ìdáná ní ilé àlejò kan ní ìlú Coyhaique. Ìyá àgbà tó ni ilé náà, Arábìnrin Irma Schöbitz, ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yan kuchen, àkàrà òyìnbó tí wọ́n máa ń kó èso sí lórí. Ìyá yìí kì í fi ìwọ̀n kankan wọn nǹkan. Ó ní ọwọ́ ló ń mọ ìgbà tí ìyẹ̀fun bá pò dáadáa. Ìmọ̀ yẹn ni Màmá bá dàgbà.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 1960, wọ́n fẹ́ Olóògbé Eleuterio Mansilla, òṣìṣẹ́ tó ń tún ojú ọ̀nà ṣe. Abúlé Río Ñire ni wọ́n kọ́lé sí: ilé pákó oníyàrá mẹ́rin, tí ààrò onírin ńlá tó ń jẹ igi wà láàárín rẹ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ohun tó yí ayé Màmá padà ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1971. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Tíṣà Nolfa Cárcamo, olùkọ́ ilé ìwé abúlé, yà sílé wa ra búrẹ́dì tí Màmá ń yàn tà, nígbà tó ń lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Kó tó mu ife tíì kan tán, yìnyín ti bo ọ̀nà. Ọjọ́ méjìlá ni ọ̀nà fi dí. Tíṣà ń bẹ nínú ilé pẹ̀lú Màmá, Bàbá wa àti àwa ọmọ, ìwé kan ṣoṣo ló sì wà nínú báàgì rẹ̀, ìtàn ọkọ̀ ojú omi kan tó sọnù. Lójoojúmọ́, tí búrẹ́dì bá ti wọnú ààrò, Tíṣà á jókòó ti ojú fèrèsé, á máa kà á sókè. Bàbá, tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ìwé kì í mú ilé móoru, ló kọ́kọ́ máa ń gbé àga tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ohùn Tíṣà há pátápátá. Ìtàn ṣì ku orí mẹ́ta, ọkọ̀ náà kò sì tíì gúnlẹ̀. Ó na ìwé náà sí Màmá. Màmá ní ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ àwọn. Tíṣà nawọ́ sí abọ́ omi.

"Ẹ ṣan ọwọ́ yín, Doña Edelmira," ló fi ohùn tó há sọ. "A ó dúró dè yín."

Màmá ṣan ọwọ́ wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láì wo ojú ẹnikẹ́ni:

"Mi ò mọ̀wé kà dáadáa."

Bàbá gbójú sókè. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń rí ìyàwó wọn tó ń ṣí ìwé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọn ò mọ̀ pé ńṣe ni Màmá kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Nígbà tó yá, Màmá máa ń sọ fún wa pé ìṣẹ́jú yẹn ni ẹ̀rù bà wọ́n jù láyé wọn, ju ìgbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò nílé lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá kàn fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan síwájú ààrò.

"Mira, jókòó," ni wọ́n wí. "Kà á díẹ̀díẹ̀. Yìnyín ti dí ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń kánjú nínú wa."

Màmá jókòó. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni wọ́n kà ní ọ̀sán yẹn, pẹ̀lú ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bá wọn pe èyíkéyìí, àfi ìgbà tí wọ́n bá bèèrè. Búrẹ́dì jóná nínú ààrò, wọ́n fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi bọ́tà sí i, wọ́n jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kejìlá, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń kó yìnyín dé ẹnu ọ̀nà, Màmá ní kí awakọ̀ náà wá mu tíì ná, nítorí ó ku ojú ìwé mẹ́rin.

Láti ọdún 1974 ni ilé wa ti ń ṣí sílẹ̀ fún aládùúgbò ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú ìgbà òtútù. Ẹni tó bá ń bọ̀ á mú ìtì igi kan wá, tàbí ife ìyẹ̀fun kan, tàbí ìwé. Màmá á yan búrẹ́dì àti kuchen èso ápù, wọ́n á sì kàwé sókè títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Olóògbé Ladislao Vera, darandaran tó máa ń gun ẹṣin fún wákàtí mẹ́ta kó tó dé, kì í gbọ́ ju ojú ìwé méjì lọ kó tó sùn. Tó bá jí, á ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà kan, ìtàn opó kan àti ọgbà rẹ̀ ni wọ́n ń kà, ó la ojú, ó bèèrè bóyá ọkọ̀ yẹn ti gúnlẹ̀. Màmá ní ó ti gúnlẹ̀, kó máa sùn.

Kátólíìkì tòótọ́ ni Màmá. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì máa ń gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ sí ilé ẹnikẹ́ni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Ní 1983, kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa di ibi tí ará abúlé ti ń yá ìwé. Ẹni tó bá dá ìwé padà pẹ̀lú àbàwọ́n bọ́tà kò ní gbọ́ ìbáwí kankan. Màmá ní àmì pé ìwé náà dùn nìyẹn.

Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní ọdún 2006. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Màmá ṣubú níbi tí a ń to igi sí, wọ́n sì fi ọrùn ọwọ́ ṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2009, Rosalba, àkọ́bí wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Santiago, wá láti mú wọn lọ pátápátá. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Ọjọ́bọ̀ fún èèyàn méjì. Ó ní òun ti tún yàrá kan ṣe fún wọn, tí kò ní nílò igi rárá, àti pé ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì wà nísàlẹ̀ ilé. Màmá bi í léèrè irú búrẹ́dì wo. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Odindi ọjọ́ méjì ni ìyá àti ọmọ fi ń kọjá lára ara wọn nínú ilé láì sọ ju "ẹ kú àárọ̀" lọ.

Ní Ọjọ́rú, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ láàárọ̀, ó rọra ń bọ́ láìsí atẹ́gùn. Kò sí aládùúgbò tó lè wá. Màmá dáná, wọ́n da ìyẹ̀fun sórí tábìlì, Rosalba sì wá bá wọn pò ó nítorí ọwọ́ tó ṣẹ́ yẹn. Wọ́n gé èso ápù. Nígbà tí kuchen wọnú ààrò, Màmá mú ìwé tiwọn, wọ́n jókòó. Rosalba dúró díẹ̀, ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ọ̀kan. Igi ń ta pà nínú iná, fèrèsé kún fún ooru omi. Màmá gé kuchen, wọ́n gbé àwo lé ọmọ wọn lórí orúnkún. Nígbà tí Rosalba gbójú sókè, aago mẹ́rin ti kọjá, ó ti ka ojú ìwé ọgọ́rin. Ó ní ọdún kẹfà rèé tí òun ò ti ka ìwé kankan tí kì í ṣe ti iṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, òun nìkan ló wọ bọ́ọ̀sì.

"Màmá, nítorí ẹ̀rù tó ń ba èmi ni mo ṣe fẹ́ mú yín lọ," ló sọ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Kì í ṣe nítorí tiyín."

"Mo mọ̀," ni Màmá dáhùn. "Máa wá lóṣù keje."

Ó sì ń wá lọ́dọọdún. Osvaldo, àbúrò rẹ̀, gba iṣẹ́ igi lílà, Nelda tó jẹ́ àbíkẹ́yìn sì kó padà sí abúlé ní 2012. Nígbà tí ojú Màmá di bàìbàì ní 2017, àwa la wá ń kàwé fún wọn. Ẹni tó bá fo ìlà kan, wọ́n á ní kó padà lọ mú un wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 2022, Màmá po ìyẹ̀fun fún búrẹ́dì ọjọ́ kejì, wọ́n fi aṣọ bò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n lọ sùn. Wọn ò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Nígbà tí Nelda ṣí aṣọ náà láàárọ̀, ìyẹ̀fun ti wú kọjá etí abọ́. Ó sunkún, ó dáná, ó yan án. Búrẹ́dì yẹn ni àwọn tó kọ́kọ́ wá kí wa kú ará fẹ́ra kù jẹ.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ sáyé ni ọmọ mẹ́ta, Rosalba, Osvaldo àti Nelda; ọmọ-ọmọ méje; ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì; àbúrò obìnrin kan, Arábìnrin Hortensia Oyarzún, ní Chiloé; àti gbogbo ará Río Ñire. Ìdílé ń sọ fún yín pé ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, a ó dáná ní ọ̀sán, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Rosalba ni yóò kàwé.

Màmá wa, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ sinmi níbi tó móoru, kí Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá yín tẹ́wọ́ gbà yín. Ẹ sùn ire.