Àwọn Tó Wá Bẹ̀bẹ̀ fún Raheem

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ṣóyẹmí,
                                        Ìgàndó,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2024.

Mọ̀dínátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Rasaq ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Rasaq fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń kàwé, àbí bọ́ọ̀lù náà ló ṣì ń gbá káàkiri Òṣogbo? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òjò, mo sì kí ọ kú ìmúra ọdún Iléyá. Ara tiwa le, a dúpẹ́. Má fi mí rẹ́rìn-ín pé mo jókòó ti bébà àti bíírò láyé fóònù. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọjà tó wọ́n la sọ títí tí káàdì fi tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an kò jáde.

Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá ní ilé yìí. O kò mọ Ṣàkírát, télọ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó máa ń rán yúnífọ́ọ̀mù iléèwé. Àkọ́bí rẹ̀ ni Raheem, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Òun àti Moyọ̀sọ́rẹ mi pẹ̀lú Dọ̀tun, ọmọ ilé kejì, ààrò mẹ́ta ni wọ́n; ibi tí o bá ti rí ọ̀kan, kí o máa wojú méjì yòókù. Ní oṣù tó kọjá, ibà dá Raheem gúnlẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ náà ló kú sí. Kí àwọn ọmọ tó ti iléèwé dé, wọ́n ti sin ín. Ìwọ náà mọ bí ìsìnkú tiyín ṣe máa ń yá, ti ọmọdé sì tún yá ju ti àgbà lọ.

O mọ̀ mí. Níbi tí ọwọ́ àwọn yòókù bá ti ń gbọ̀n, ibẹ̀ ni tèmi máa ń le sí. Èmi ni mo wọ yàrá Ṣàkírát, mo kó bàtà ọmọ náà, mo kó báàgì iléèwé rẹ̀ àti wàláà rẹ̀, mo dì wọ́n sínú àpò kan, mo gbé e pamọ́. Mo pe gbogbo ilé jọ, mo ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ Raheem sétí ìyá rẹ̀ mọ́. Mo ní Ìyá Gàníyù ni ká máa pè é, ìyẹn orúkọ ọmọ ọwọ́ tó kù sí i lọ́wọ́. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, ta ni mí tí n óò fi yí i padà? Ní ti àwọn ọmọ, mo sọ fún wọn pé Raheem ti lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Àgbàdo. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Mo ní iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Àṣé ṣe ni àwọn yẹn ń ṣèṣirò lábẹ́lẹ̀. Lójú wọn, wọn kì í déédéé gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà láàárín táàmù àyàfi tó bá ṣẹ̀. Wọ́n rí i pé bàtà rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Bí wọ́n bá sì dárúkọ rẹ̀, àgbàlagbà á ní kí wọ́n panu mọ́. Èyí tó wá já wọn láyà jù ni pé a gba orúkọ rẹ̀ kúrò lára ìyá rẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun fọ́ fóònù mi, wọ́n ṣì ń pè mí ní Mọ́mì Moyọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú ìyá kọ orúkọ ọmọ, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Wọ́n ro ó títí wọ́n fi rí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àìsàn náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mú ìborùn funfun Ṣàkírát so mọ́ igi méjì, wọ́n fi ṣe nẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, ó sì ya. Raheem ní kí wọ́n má fòyà, òun á tọ́jú rẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù yìí, wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀. Wọn ò sì lọ bẹ́ẹ̀ lásán o. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ máa ń wá àgbà tó máa bá a bẹ ẹni tínú ń bí ni. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ Alhaji Múdàṣírù lọ, onílé wa, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí kò sẹ́ni tó lè kọ ẹ̀bẹ̀ wọn ládùúgbò yìí. Wọ́n ní àwọn ló ya aṣọ kan, kí bàbá dákun bá àwọn bẹ ẹni tó ni ín. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n dé fìlà, wọ́n mú ọ̀pá. Mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà mi nígbà tí mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, bàbá níwájú, àwọn méjì lẹ́yìn bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù.

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Dọ̀tun ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ṣàkírát, Moyọ̀sọ́rẹ sì ti kúnlẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ foríji Raheem. Òun nìkan kọ́ ló ya aṣọ yín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ nílé ṣá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún máa pè yín ní Ìyá Raheem."

Ojú Alhaji yí padà. Mo sáré lọ láti wọ́ àwọn ọmọ náà kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣàkírát na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti kú, mi ò rí omi lójú obìnrin yìí, maṣíìnì rẹ̀ ò sì dún. Ó béèrè pé aṣọ wo. Wọ́n júwe rẹ̀ fún un. Ó wọlé, ó tú àpótí, ó fa ìborùn náà yọ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Raheem ti rán an! Òwú dúdú ló fi rán aṣọ funfun, ó rán an wọ́gọwọ̀gọ, ó wá ta kókó ràgàjì kan sí ìparí rẹ̀.

Ṣàkírát wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ télọ̀! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ télọ̀ o!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó sunkún débi pé gbogbo ilé jáde. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó fa àwọn ọmọ méjèèjì mọ́ra, ó sọ ohun tí èmi alágbára kò lè sọ fún wọn. Ó ní Raheem kò ṣẹ òun rárá. Ó ní àìsàn ló ṣe é, ó ti kú, kò sì ní padà wá mọ́. Dọ̀tun rò ó díẹ̀, ó yíjú sí Alhaji.

"Ta wá ni ká lọ bẹ̀, sà?"

"Kò sẹ́ni tá a fẹ́ bẹ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i."

Lẹ́yìn náà ni bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, tí bàbá fúnra wọn náà sì ń sunkún.

Ìyá Raheem la tún ń pè é báyìí. Mo ti dá àpò ẹrù náà padà fún un, mo sì tọrọ àforíjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ojoojúmọ́ làwọn ọmọ méjèèjì ń lọ sọ ìtàn Raheem fún un, èyí tó ṣe àti èyí tí kò ṣe. Ó máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, á tún ní kí wọ́n tún un sọ.

Mọ̀dínátù, ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn ní Ẹgbẹ́dá, nígbà tí ọmọ rẹ obìnrin kú, èmi yìí náà ni mo kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Èmi ni mo kọ́kọ́ pè ọ́ ní Ìyá Rasaq. Láti ìgbà náà, mi ò dárúkọ rẹ̀ sí ọ létí rí. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ọ́ ni, mi ò mọ̀ pé ṣe ni mo dá ọ dá a. Dárí jì mí. Mo rántí rẹ̀ o. Mo rántí bó ṣe máa ń jẹ inú búrẹ́dì tán, tí á rọra dá èèpo padà sínú ọ̀rá kí a má bàa mọ̀. Ní oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀ yìí, ì bá pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọdọọdún ni mò ń kà á. Bí o bá ń fèsì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí o kọ sí mi, gbogbo èyí tí o ti ń dá gbé mì.

Bá mi kí Bàbá Rasaq, kí o sì kí Rasaq pé kó mú ìwé rẹ̀ le. Moyọ̀sọ́rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní òun kí ọ. Ó béèrè pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo sọ fún un pé Ìyá Ọmọ́ṣaléwá ni.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti Ẹgbẹ́dá,
                                        Lucy.