Ẹ̀rọ Èbúté Tó Wá Sí Odò Wa

Agboolé Olúkòkò,
Àpòmù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ọlámijù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Èkó? Ọmọ́bọ́lá ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lórí omi. Ara tèmi náà le, alihamudulilaahi. Màmá ní kí n kí ọ.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. N ò fẹ́ kí o kà mí mọ́ wọn, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ̀wé, tí n kò sọ ọ́ lórí fóònù.

O mọ ipò tí o bá mi nígbà tí o wá lo ìsinmi rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹja tí mo ń sìn nínú ọgbà àwọ̀n lódò kú láàárín ọdún kan, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru Gàrúbà tó ni oko kòkó lókè odò, pé oògùn kòkó rẹ̀ ló ń pa wọ́n. Gàrúbà tí a jọ dàgbà! Mo jáwọ́ kíkí rẹ̀. Bí ó bá wà ní sàfù iwájú ní mọ́sálásí, ẹ̀yìn ni mo máa ń lọ. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn àgbà àdúgbò, wọ́n sì ní bí ó bá jẹ̀bi, àfi kí ó fi ilẹ̀ etí odò náà sílẹ̀.

Nígbà tí o gbé ẹ̀rọ yẹn jáde nínú bùùtù ọkọ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ohun tó rí bí abọ́ ìfọṣọ yìí ló ń dá rìn káàkiri èbúté, tó ń yẹ omi wò lábẹ́ ọkọ̀ ńláńlá? O ní ògbólógbòó tí wọ́n ti fi tuntun rọ́pò ni. O tún ní bí epo bá dà sómi èbúté, ńṣe ni àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń nawọ́ sí ara wọn, àfi ẹ̀rọ yìí tí kò bá ẹnikẹ́ni jẹun ló ń fi ẹlẹ́bi hàn. Mo ń retí kí ó mú Gàrúbà.

O gbé e sódò, ó gba etí oko kòkó kọjá, fóònù rẹ tó ń gba èsì rẹ̀ ní omi dára. Ó dé ìsàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí Màmá ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú sínú kòtò, nọ́ńbà já wálẹ̀. O ní omi ẹ̀gẹ́ ti gba gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi gbẹ́ kòtò yẹn fún wọn lọ́dún tó kọjá, tí mo la ojú rẹ̀ sí odò kí òórùn rẹ̀ má baà kan ilé. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan.

Ohun tí o kò mọ̀ rèé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí o lọ, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Gàrúbà. Ó fà mí dìde, ó ní, “Sùlè, mo ti rí omi ẹ̀gẹ́ yẹn látìgbà tẹ́ja àkọ́kọ́ ti kú.” Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Màmá ni wọ́n ń fún mi lóúnjẹ nígbà tí ìyá mi kú. Ṣé kí n wá dúró níwájú àgbà, kí n ní àwọn ló ń pa ẹja ọmọ wọn?”

Ọlámijù, mo sunkún. Ọkùnrin yìí ì bá pàdánù ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí ìyá mi, èmi ni ǹ bá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti gbé ẹjọ́ kúrò nílẹ̀, mo ti dí kòtò. Inú àgbá ni Màmá ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ báyìí, ó jìnnà sódò. Ẹja mi ń jẹun dáadáa. Mo fi ẹja yíyan díẹ̀ àti dòdò Ìkirè rán Enoch awakọ̀ sí ọ. Má jẹ ẹ́ tán kí Ọmọ́bọ́lá tó dé o.

O ṣeun, o ṣeun gan-an. Bá mi kí gbogbo ilé. Gàrúbà náà kí ọ. Ní Jímọ̀ tó kọjá, sàfù kan náà la wà, èjìká mi kan tirẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí o kó yọ,
Sùlè.